Ẹni Tó Mọ Gbogbo Ohun Tí Sójà Ń Gbé Mì: Ìtàn Iṣẹ́ Apòògùn ní Ilé Ìwòsàn Àwọn Ajagunfẹ̀yìntì

Àkọsílẹ̀ ohùn méje tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan fi ránṣẹ́. A kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, ariwo jẹnẹrétọ̀ nìkan la yọ kúrò. Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí àwọn tí dátà wọn kò gbé ohùn.

OHÙN KÌN-ÍN-NÍ

Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tẹ́ ẹ wà ní Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀s, Màìdúgùrì, Ọ̀nìtsà, gbogbo ibi tí ajé gbé yín dé. Ọjà á tà o. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyálọ́jà wa àti alága tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ọmọ yín ni mí. Sabon Gari ní Kánò ni wọ́n ti bí mi, ìdí aṣọ ni mo ti kọ́ ìṣirò. Lónìí, apòògùn ni mí ní Amẹ́ríkà, ohun tí gbogbo wa ń pè ní fámásísì, ní ilé ìwòsàn tí ìjọba wọn dá sílẹ̀ fún àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì.

Màmá kan bi mí ní ìbéèrè nínú ẹgbẹ́ yìí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, gbogbo ìwé tó o kà yẹn, ṣé kó o lè máa ka hóró oògùn sínú ike ni?" Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ ìbéèrè gidi ni. Ẹni tó ń ka hóró sínú ike wà lóòótọ́, ẹ̀rọ náà sì ń bá wa kà á báyìí. Iṣẹ́ tèmi yàtọ̀. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ mọ gbogbo ohun tí sójà kan ń gbé mì, láti àárọ̀ dé alẹ́: èyí tí dókítà ọkàn kọ, èyí tí dókítà eegun kọ, èyí tó rà fúnra rẹ̀ lọ́jà, títí kan ewé tí ìyàwó rẹ̀ ń sè. Mo gbọ́dọ̀ mọ èyí tó ń bá èkejì jà. Mo sì láṣẹ láti dín in kù, láti fi kún un, tàbí láti dá a dúró.

Kò sẹ́ni tó kàn jí lọ́jọ́ kan tó gbé irú àṣẹ yẹn fún apòògùn. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń bọ̀ ká tó débẹ̀. Ìtàn yẹn ni mo fẹ́ sọ, torí ó kan ẹ̀yin náà gan-an, bí ẹ ò tiẹ̀ gbé ìbọn rí. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́.

OHÙN KEJÌ

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti 1865. Amẹ́ríkà ń parí ogun abẹ́lé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1861, ogun tí ọ̀rọ̀ ẹrú dá sílẹ̀. Ọ̀kẹ́ àìmọye ọ̀dọ́ ti kú. Ọ̀pọ̀ tí kò kú ti pàdánù ẹsẹ̀ tàbí apá. Ní ọjọ́ 3 oṣù March, Ààrẹ Abraham Lincoln buwọ́ lu òfin tó dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn sójà tó ti di aláàbọ̀ ara. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó búra fún sáà kejì, ó sọ ọ́ ní gbangba pé gbèsè wà lọ́rùn orílẹ̀-èdè náà: kí wọ́n tọ́jú ẹni tó ru ẹrù ogun, kí wọ́n tọ́jú opó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n yìnbọn pa Lincoln. Ṣùgbọ́n gbèsè tí orílẹ̀-èdè bá jẹ́wọ́, ikú ẹnì kan ò pa á rẹ́. Ní 1866 wọ́n ṣí ilé àkọ́kọ́ ní Togus, ní ìpínlẹ̀ Maine. Ní 1930, Ààrẹ Hoover kó gbogbo ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ajagunfẹ̀yìntì pọ̀ sábẹ́ àjọ kan ṣoṣo. Òun làwọn èèyàn ń pè ní VA títí dòní. Ní 1989 ló wá di ẹ̀ka tó ní mínísítà tirẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó jagun ni wọ́n sì rántí bákan náà. Àwọn sójà aláwọ̀ dúdú tó ja Ogun Àgbáyé Kìíní padà délé, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kò gbà wọ́n, tàbí kí wọ́n tì wọ́n sí yàrá ẹ̀yìn. Ní 1923 ìjọba kọ́ ilé ìwòsàn kan fún wọn ní Tuskegee, ní Alabama. Àwọn aláwọ̀ funfun ìlú náà ní àwọn làwọn máa darí ẹ̀, àwọn làwọn máa gba owó oṣù ibẹ̀. Robert Moton, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gíga Tuskegee, kò gbà. Ó ní dókítà àti nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú ni kó tọ́jú wọn. Wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn pé àwọn á pa á. Ẹgbẹ́ Ku Klux Klan wọ́ bọ̀ ní July ọdún náà láti dẹ́rù bà wọ́n. Moton kò yẹsẹ̀. Ní 1924, dókítà aláwọ̀ dúdú kan, Joseph Ward, gba àkóso ilé ìwòsàn náà. Ní 1954 ni wọ́n tó fòpin sí ìyàsọ́tọ̀ ní gbogbo ilé ìwòsàn VA.

Ìdí tí mo fi mẹ́nu kan èyí ni pé kí wọ́n tó lè mọ ohun tó ń ṣe ẹnì kan, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ ìwé. Ẹni tí kò sí nínú ìwé, kò sẹ́ni tó mọ oògùn tó ń lò.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nǹkan bíi mílíọ̀nù 16 ọmọ Amẹ́ríkà ló ti wọṣẹ́ ológun. Ilé ìwòsàn kún, dókítà ò tó. Ní 1945 wọ́n gbé VA fún Ọ̀gágun Omar Bradley. Ní 1946, VA bá àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn dòwò pọ̀: ẹ gbé akẹ́kọ̀ọ́ yín àti ọ̀jọ̀gbọ́n yín wá, ẹ máa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, ẹ máa bá wa tọ́jú sójà wa. Àdéhùn yẹn ló sọ ilé ìwòsàn àwọn sójà di ibi ìwádìí. Ibẹ̀ ni ohun tó kàn yín ti jáde.

OHÙN KẸTA

Ohun tó kàn yín náà ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo mọ̀ pé kò sí ìlà kan nínú ọjà yín tí kò sí ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀.

Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ dókítà òyìnbó gbà pé kí ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà máa ru kò burú. Wọ́n ní ara mọ ìdí tó fi ń ti ẹ̀jẹ̀ lágbára, kí wọ́n má dí i lọ́wọ́. Ààrẹ Roosevelt, tó darí Amẹ́ríkà nígbà ogun Hitler, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bá a fínra lọ́dún bíi mélòó kan. Rọpárọsẹ̀ ló pa á ní April 1945, ogun kò tíì parí. Ààrẹ odindi Amẹ́ríkà nìyẹn. Oògùn tó ṣeé gbára lé kò sí.

Dókítà kan wà ní ilé ìwòsàn VA ní Washington, Edward Freis ni orúkọ rẹ̀. Ó ní kàkà ká máa jiyàn, ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn VA mìíràn kó àwọn ajagunfẹ̀yìntì jọ. Ẹ wo ọgbọ́n tí wọ́n dá o. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n fún wọn ní hóró tí kò ní oògùn nínú, àfi riboflavin, fítámì kan tó ń mú kí ìtọ̀ èèyàn tàn yòò lábẹ́ iná pàtàkì kan. Ẹni tó bá ní òun ń lò ó, wọ́n á yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Wọ́n á tún ka hóró tó ṣẹ́ kù nínú ike rẹ̀. Ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ kò tàn, tàbí tí ìṣirò ike rẹ̀ kò pé, wọ́n á ní kó máa lọ. Bí ẹ ṣe ń ka ọjà tó kù lórí pẹpẹ kẹ́ ẹ lè mọ ohun tí ọmọ iṣẹ́ tà, bẹ́ẹ̀ náà gẹ́lẹ́ ni.

Wọ́n wá mú ọkùnrin 143 tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn wà láàrin 115 sí 129. Wọ́n fún 73 ní oògùn gidi, wọ́n fún 70 ní hóró òfìfo, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ èyí tóun ń lò. Ní 1967 wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde. Nínú àwọn 70 tó ń lo òfìfo, 27 ni nǹkan ńlá ṣẹlẹ̀ sí: ọkàn tó fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, rọpárọsẹ̀, ojú, kíndìnrín. Mẹ́rin kú. Nínú àwọn 73 tó ń lo oògùn gidi, méjì péré ni nǹkan ṣe, kò sì sẹ́ni tó kú. Ní 1970 wọ́n gbé ti àwọn 380 mìíràn jáde, àwọn tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ tiwọn kò ga tó bẹ́ẹ̀, 90 sí 114. Èsì náà bá ti àkọ́kọ́ mu: ikú tí ẹ̀jẹ̀ ríru fà jẹ́ 19 lọ́dọ̀ àwọn tó ń lo òfìfo, 8 lọ́dọ̀ àwọn tó ń lo oògùn. Wọ́n fún Freis ní ẹ̀bùn Lasker ní 1971. Gbogbo ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lónìí, ní Kánò tàbí ní Ọ̀nìtsà, ara àwọn sójà wọ̀nyẹn ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Mẹ́ta ni oògùn tí wọ́n pa pọ̀ fún wọn, ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ reserpine. Gbòǹgbò igi kan ní Íńdíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ yọ ọ́. Igi yẹn ní ìbátan tó ń hù nínú igbó wa, tóun náà ní reserpine lára. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n: asofẹ́yẹjẹ. Àwọn babaláwo wa ti ń fi í pa ara aláìsàn ọpọlọ rọ̀ kí òyìnbó tó dé ìdí rẹ̀. Nítorí náà, tí mo bá ń bi aláìsàn bóyá ó ń mu àgbo, n kì í fi í ṣẹ̀sín rárá. Mo mọ̀ pé oògùn ń bẹ nínú ewé, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n máa bi í.

Ẹ̀kọ́ tí Freis fi sílẹ̀ ni èyí: oògùn tó dára kò wúlò tí kò bá dé inú, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ̀ bóyá ó dé inú. Dókítà ò ráyè. Ta ni yóò ṣe é?

OHÙN KẸRIN

Ẹ máa wòye pé apòògùn ló yẹ kó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí fún apòògùn Amẹ́ríkà nígbà yẹn. Ní 1952, òfin ìwà tí ẹgbẹ́ wọn fọwọ́ sí ní kí apòògùn má ṣe bá aláìsàn sọ ohun tí oògùn tí dókítà kọ fún un wà fún, tàbí ohun tó wà nínú rẹ̀. Tí aláìsàn bá béèrè, kó lọ bi dókítà. Ẹni tó mọ oògùn jù ni wọ́n ní kó pa ẹnu mọ́! Ó di 1969 kí wọ́n tó yí òfin yẹn padà.

Kí wọ́n tó yí i, àwọn kan ti ń fo odi. Ní 1966, ní ilé ìwòsàn yunifásítì kan ní San Francisco, àwọn apòògùn kó kúrò ní ìsàlẹ̀ ilé, wọ́n gòkè lọ sí àjà kẹsàn-án níbi tí wọ́n ń tọ́jú àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún. Tọ̀sán tòru ni wọ́n wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, tí dókítà ń bi wọ́n, tí nọ́ọ̀sì ń bi wọ́n. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe yìí ti gbérí.

Àwọn ilé ìwòsàn sójà gbà á ju ibòmíràn lọ, ìdí rẹ̀ sì yé oníṣòwò. Ilé ìwòsàn tó ń gba owó lórí ohun kọ̀ọ̀kan tó bá ṣe, kò sẹ́ni tó ń sanwó fún apòògùn pé ó jókòó bá èèyàn sọ̀rọ̀. Àmọ́ VA kì í tajà. Gbèsè ló ń san. Sójà tó bá ṣe rọpárọsẹ̀ lónìí, VA náà ni yóò tọ́jú rẹ̀ títí tó fi máa kú. Ẹni tó mọ̀ pé òun lòun máa san owó ìbàjẹ́ lọ́la, òun ló ń náwó sórí ìṣọ́ra lónìí.

Ohun kejì ni ìwé. Láti ìgbẹ̀yìn àwọn ọdún 1970, àwọn òṣìṣẹ́ VA kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ètò kọ̀ǹpútà fúnra wọn láti fi tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn. Àwọn ọ̀gá lókè kò fẹ́, wọ́n gbìyànjú láti pa á. Àwọn tó ń kọ ọ́ ń ṣe é lábẹ́lẹ̀, títí wọ́n fi gbà á wọlé ní 1982. Oògùn wà lára ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Nígbà tó yá, gbogbo oògùn tí wọ́n fún sójà kan wà lójú kan náà.

Ohun kẹta ni àṣẹ. Ní 1995 VA fi ìwé ìlànà jáde tó jẹ́ kí àwọn apòògùn tó kọ́ṣẹ́ àgbà, àti àwọn nọ́ọ̀sì àgbà, lè kọ oògùn fún aláìsàn láàrin ààlà tí wọ́n bá fà fún wọn. Dókítà á sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, tàbí àtọ̀gbẹ ni. Apòògùn á gbà á níbẹ̀, á máa pè é, á máa yẹ̀ ẹ́ wò, á máa tún oògùn rẹ̀ ṣe títí nọ́ńbà á fi wálẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó lè yé yín jù ni oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, warfarin. Ẹ mọ ibi tó ti wá? Màlúù àwọn àgbẹ̀ ló jẹ koríko tó ti bu, ẹ̀jẹ̀ ń ya lára wọn títí wọ́n fi ń kú. Yunifásítì Wisconsin wá ohun tó wà nínú koríko náà rí. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe warfarin, wọ́n sì kọ́kọ́ tà á ní 1948 gẹ́gẹ́ bí oògùn eku! Ní 1954 wọ́n gbà á láyè fún èèyàn. Nígbà tí ọkàn Ààrẹ Eisenhower, tóun náà jẹ́ ọ̀gágun, dà á láàmú ní 1955, ó wà lára oògùn tí wọ́n fún un. Tó bá pọ̀ díẹ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ á máa ya. Tó bá kéré díẹ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ á dì, á lọ dí ọpọlọ. Ẹ̀fọ́ tútù tí aláìsàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ lọ́pọ̀ yanturu tó láti yí i padà, ọ̀pọ̀ oògùn kòkòrò sì ń dà á rú. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ẹni tí á máa bi èèyàn pé kí lo jẹ, kí lo rà, kí lo gbé mì láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Àwọn apòògùn VA ló ń ṣọ́ ọ lọ́pọ̀ ibi.

OHÙN KARÙN-ÚN

Èyí á dùn mọ́ yín, torí ọ̀dọ̀ ọlọ́jà ni ilé ìwòsàn ti kọ́ ọ.

Ìlà dúdú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn páálí bisikíìtì, lẹ́yìn ọṣẹ, lẹ́yìn ike, tí ẹ̀rọ ń kà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, bákóòdù, ẹ mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ 26 oṣù June 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ta ọjà irú èyí tá a mọ̀ lónìí, ní súpámákẹ́ẹ̀tì kan ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ṣingọ́ọ̀mù ni wọ́n tà. Ọlọ́jà ti ń lò ó tipẹ́, ilé ìwòsàn ò bìkítà.

Nọ́ọ̀sì kan wà ní ilé ìwòsàn VA ní Topeka, ìpínlẹ̀ Kansas, Sue Kinnick ni orúkọ rẹ̀. Ní nǹkan bíi 1992 ó ń rìnrìn àjò, ó rí i tí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń fi mọ́tò háyà yọ ẹ̀rọ kékeré, ó kọ ọ́ sí bákóòdù ara mọ́tò, gbogbo ọ̀rọ̀ mọ́tò náà jáde. Ó bi ara rẹ̀ pé, tí wọ́n bá lè ṣe èyí fún mọ́tò, kí ló dé tá ò lè ṣe é fún oògùn àti fún èèyàn? Àwọn ará Topeka ṣe é. Wọ́n fi bákóòdù sí ọrùn ọwọ́ aláìsàn, wọ́n fi sí ara oògùn. Kí nọ́ọ̀sì tó fún un, ó gbọ́dọ̀ ka méjèèjì. Tí oògùn náà kò bá jẹ́ ti ẹni yẹn, tàbí tí àsìkò kò tíì tó, kọ̀ǹpútà á pariwo.

Ní 1999, àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà kan gbé ìròyìn jáde pé àṣìṣe inú ilé ìwòsàn ń pa èèyàn 44,000 sí 98,000 lọ́dún ní orílẹ̀-èdè náà. Ó dẹ́rù ba gbogbo ayé. Láàrin ìgbà náà ni VA mú bákóòdù Topeka dé àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀ káàkiri, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn tó lówó jù wọ́n lọ ṣì ń fi ẹnu pe orúkọ aláìsàn kí wọ́n tó fún un lóògùn. Nọ́ọ̀sì ló ronú rẹ̀ o, ó rí i lọ́wọ́ oníṣòwò.

OHÙN KẸFÀ

Mo ṣèlérí pé màá sọ ohun tí mò ń ṣe. VA ní nǹkan bí ilé ìwòsàn 170, ẹni tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 9. Torí wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, wọ́n ń rajà bí ẹ ṣe ń rà á: olópòó, kì í ṣe ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Òfin kan ní 1992 ní ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ kí ìjọba ra oògùn òun gbọ́dọ̀ bu owó rẹ̀ kù gidi gan-an fún VA. Nítorí náà, owó kì í sábà jẹ́ ìdí tí sójà mi kò fi lo oògùn. Ohun mìíràn ni.

Bí àpẹẹrẹ, irú aláìsàn tí mò ń rí jù: bàbá ẹni àádọ́rin ọdún ó lé, tó ja ogun Vietnam. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ó ní àtọ̀gbẹ, eékún ń dùn ún. Oògùn mẹ́wàá wà nínú ìwé rẹ̀. N ò kọ́kọ́ fọwọ́ kan oògùn. Mo máa ní, "Bàbá, ẹ bá mi kó gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní nílé wá, èyí tí wọ́n fún yín àti èyí tẹ́ ẹ rà." Ó máa kó o dé nínú àpò. A ó wá máa yọ ọ́ síta lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàrin wọn ni màá ti rí oògùn ara ríro, ibuprofen, tó rà fúnra rẹ̀, tó ń lò lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún eékún. Kò pè é ní oògùn rárá, ó ní "nǹkan kékeré" ni. Nǹkan kékeré yẹn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sókè. Tó bá tún bá oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀ àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan bíi lisinopril pàdé nínú ara kan náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè pawọ́ pọ̀ ba kíndìnrín jẹ́. Dókítà tí kò mọ̀ á máa fi oògùn kún oògùn. Èmi á yọ ọ̀kan kúrò, nọ́ńbà á wálẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé bélì, tẹ́ ẹ ń jókòó sórí àpótí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí ẹ̀yìn ń dùn, mo mọ ohun tó wà nínú báàgì yín. Diclofenac, ibuprofen. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe sí ẹ̀jẹ̀ àti kíndìnrín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí náà. Rọpárọsẹ̀ ló mú bàbá mi lọ, ní àjò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé wọn dé ilé ìwòsàn, dókítà bi wá pé oògùn wo ni wọ́n ń lò. Nọ́lọ́ọ̀nù mẹ́ta la gbé wá, láti ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta. Méjì nínú wọn, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan náà ni, orúkọ ara páálí ló yàtọ̀. Ẹ̀kẹta, oògùn ara ríro tó ń ti ẹ̀jẹ̀ sókè. Kò sẹ́ni tó rẹ́ wọn jẹ. Ẹni kọ̀ọ̀kan ta ohun tí wọ́n bi í fún wọn. N ò lè búra pé wọn ì bá wà láàyè tí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé títí di ọjọ́ yẹn, kò sẹ́nì kan láyé tó tíì rí nọ́lọ́ọ̀nù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìdí tí iṣẹ́ mi fi wà nìyẹn: kí ẹnì kan lè rí wọn pa pọ̀.

OHÙN KEJE

Ẹ̀yin á ní, Amẹ́ríkà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwa náà ní sójà. Àwọn ọmọ wa wà lára àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, òṣìṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni nínú ikọ̀ wọn. Ní March 1944 àwọn ará Japan kọ lù wọ́n, ìbọn bà á lẹ́sẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ló fi fara pa mọ́ nínú igbó, àwọn ará abúlé Mùsùlùmí kan ló ń bọ́ òun àti ẹnì kejì rẹ̀, títí àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì fi gba ibẹ̀ padà. Ó padà wálé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó kọ ìtàn ara rẹ̀, ó sì di 2012 kó tó jáde láyé. Gẹ̀ẹ́sì tó kó wọn lọ kò kọ́ irú ilé ìwòsàn VA dè wọ́n nílé. Ẹ̀yin ará Kàdúná mọ ilé ìwòsàn ológun tí wọ́n ń pè ní 44, àwọn ará Èkó mọ 68 ní Yábàá. Àwọn apòògùn wa wà níbẹ̀, wọ́n wà ní àwọn ilé ìwòsàn yunifásítì náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti kọ́ irú iṣẹ́ tí mò ń sọ yìí. Ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ jù ni pé ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo oògùn ẹnì kan wà nínú rẹ̀ kò sí.

Ìwé yẹn lè wà lọ́wọ́ yín. Ẹ kì í ta àwìn láìkọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wá ìwé kékeré kan, tàbí kẹ́ ẹ ya fọ́tò sórí fóònù. Ẹ kọ orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan: kì í ṣe orúkọ ńlá tó wà níwájú páálí nìkan, ẹ wo orúkọ kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀, orúkọ oògùn gan-an nìyẹn. Tí orúkọ kékeré bá jọra lára páálí méjì, oògùn kan náà lẹ̀ ń lò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kọ iye ìgbà tẹ́ ẹ ń lò ó lójúmọ́. Ẹ kọ àgbo síbẹ̀, ẹ kọ oògùn ara ríro síbẹ̀, ẹ kọ oògùn tí ara yín kọ̀. Ẹ fún ẹnì kan ní ẹ̀dà rẹ̀, aládùúgbò ṣọ́ọ̀bù yín tàbí ọmọ yín nílé, torí ẹni tó bá dákú lájò kò lè dáhùn ìbéèrè.

Ẹ sì mú fámásì kan tí apòògùn gidi wà, kẹ́ ẹ máa ra gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, bí ẹ ṣe ní oníbàárà yín tẹ́ ẹ mọ ìwọ̀n bàtà rẹ̀ láìbi í. Ẹ kó gbogbo nọ́lọ́ọ̀nù yín dà sílẹ̀ níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Kó tó yí oògùn padà, tàbí kẹ́ ẹ̀yin tó dá ọ̀kan dúró fúnra yín, ẹ jọ sọ ọ́ fún dókítà yín. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n kàn já sílẹ̀ lójijì torí pé ara ti yá, àwọn tó ń lo òfìfo nínú ìwádìí Freis ti sọ ibi tó ń gbé èèyàn lọ fún wa.

Màmá tó bi mí ní ìbéèrè, ṣé mo ti dáhùn? Tẹ́ ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ fi ohùn ránṣẹ́. Ẹ má kọ orúkọ àìsàn yín sínú ẹgbẹ́ gbogbo, ẹ kọ ọ́ sí mi níkọ̀kọ̀. Lọ́la lẹ̀ ń ṣí ọjà, n ò fẹ́ dá yín dúró mọ́. Ó dàárọ̀ o.